Kọ́kọ́rọ́ Kan, Ilé Mẹ́fà

Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá yà wọ àdúgbò náà, wọ́n ti fi táyà kọ́ jórinjórin lọ́rùn. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ láàrin títì, ojú rẹ̀ òsì ti wú dí, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti etí rẹ̀ sí èjìká, wọ́n sì ti fa aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ya dé ìbàdí. Bẹntiróòlù ti rin ín láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹnì kan ń pariwo pé ta ló ní ìṣáná. Ẹ ṣáà mọ̀ wá: bí a bá ń wá ẹni tó máa gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, a lè má rí ẹni méjì, bí a bá ń wá ẹni tó máa lu olè, títì kì í gba èrò.

Obìnrin kúkúrú kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, ó yọ ìbọn, ó yìn ín sókè lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ jókòó!"

Gbogbo wọn fìdí kalẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, àtẹni tó mú òkúta dání àtẹni tó wulẹ̀ wá wòran. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Inspẹ́kítọ̀ Ẹ-jókòó. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí ìdúró. Ó ní ẹni tó bá dúró ń múra àtisá tàbí àtijà. Ẹni tó bá jókòó ni ẹnu rẹ̀ máa ń rọ̀.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ni kò jókòó. Ó ga, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ jẹ́ ká sun ún! Ó ti pa ìyá ìyàwó mi! Màmá tó gbẹ̀bí ìdajì ọmọ àdúgbò yìí, irin ló fi fọ́ wọn lórí!" Ó na fóònù kan sókè. "Ẹ̀rí nìyí, orí fóònù ìyàwó mi ni. Wáífáì ilé màmá ló mú un! Ẹ wo orúkọ fóònù rẹ̀ níbí, 'Iná-Kì-í-Sùn', bó ṣe kọ ọ́ sára pátákó ìsọ̀ rẹ̀ gan-an. Ó wọlé sórí ẹ̀rọ wọn lọ́sàn-án yìí gan-an, nígbà tí màmá dá wà nílé!"

"Mi ò dé ilé wọn," ni jórinjórin ń wí láti ẹnu tó ti bẹ́. "Ẹ gbà mí, mà. Mi ò débẹ̀ lónìí."

"Sájẹ́ǹtì, bọ́ táyà yẹn lọ́rùn rẹ̀," ni Ẹ-jókòó wí. Ó yíjú sí ọkùnrin ṣẹ́ẹ̀tì funfun. "Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó."

Ó jókòó, àmọ́ ó pẹ́ kó tó jókòó. Ẹ-jókòó fi ìyẹn sọ́kàn.

Nínú yàrá ìgbàlejò, agbẹ̀bí náà dojú bolẹ̀ lẹ́bàá tábìlì kan. Orí tábìlì yẹn ni ráútà wà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé. Wọ́n ti fi ọ̀pá irin lu màmá náà lórí léraléra. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri, ó ta sí àwòrán àwọn ọmọ tuntun tó fi ṣe yàrá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ó ta sára ráútà pàápàá, níbi tí wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ pé ILÉ AYỌ̀. Ó ti gbé ọwọ́ bo orí, ìka rẹ̀ méjì sì ti ṣẹ́. Ọwọ́ tó gba ọmọ àìmọye sáyé ni wọ́n lù ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Sájẹ́ǹtì, ẹni tí kì í rí òkú kó má dá àpárá, ṣí fìlà rẹ̀ lórí. Inú bí Ẹ-jókòó débi pé ó ní láti jáde lọ mí díẹ̀ kó tó padà wọlé.

Ọmọ olóògbé náà jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àbíkẹ́yìn ni gbogbo èèyàn ń pè é. Oyún rẹ̀ ti ga, apá rẹ̀ òsì sì wà nínú sìmẹ́ǹtì funfun tí àwọn dókítà fi ń di eegun tó ṣẹ́.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìwọ lo kọ́kọ́ rí wọn?"

"Èmi ni, mà. Mo lọ fún àyẹ̀wò oyún. Mo dé, mo ń pe 'Màmá, Màmá', wọn ò dá mi lóhùn." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Mo pe ọkọ mi. Kò tiẹ̀ pẹ́ rárá tó fi dé."

"Kí ló ṣe apá ẹ?"

Àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn, mà."

"Àtẹ̀gùn ilé ta ni?"

"Ti ilé ọkọ mi. Àtìgbà yẹn ni mo ti wà lọ́dọ̀ Màmá. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ padà."

Ẹ-jókòó kò tú ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ó bi í nípa wáífáì.

"Èmi ni mo fọ̀rọ̀ ọ̀hún sílẹ̀," ni Àbíkẹ́yìn wí, ó tún bú sẹ́kún. "Áàpù kan wà lórí fóònù mi tó ń fi gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ wa hàn. Ó pẹ́ tí mo ti ń rí fóònù tí kì í ṣe tiwa. 'Iná-Kì-í-Sùn' á wọlé, á tún jáde. Òmíràn á tún wọlé tí mi ò mọ̀ rí. Mo yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, mo yẹ ẹ̀yìn kọ́tìnì wò. Mo sọ fún Màmá pé ẹnì kan ń ṣọ́ wa. Wọ́n ní, 'Àbíkẹ́yìn, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ, o mọ̀ ọ́n. Kò nílò wáífáì.'"

"Kí ló sọnù nínú ilé?"

"Báàgì iṣẹ́ wọn. Oògùn àti ìbọ̀wọ́ ló wà nínú ẹ̀, àti tábúlẹ́ẹ̀tì wọn, fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń ya àwòrán. Kò ní síìmù. Wáífáì ilé yìí nìkan ló mọ̀."

Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n pè tẹ̀ lé e. Ilé ìtẹ̀wé ló ní, Atẹ̀wé sì lorúkọ tí gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Ó ti nu ojú rẹ̀, ó ti fi ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò dáadáa.

"Níbo lẹ wà lọ́sàn-án yìí?"

"Ilé iṣẹ́ mi ni, màdáámù. Ẹ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Orí tábìlì ni fóònù mi wà látàárọ̀."

"Ẹ̀yin ni mo béèrè, ẹ ń ròyìn fóònù fún mi."

Atẹ̀wé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ibi tí fóònù èèyàn bá wà lòun náà máa ń wà láyé òde òní."

"Báwo lẹ̀yin àti màmá ṣe jẹ́?"

"Dáadáa. Kò kàn sí ìgbà tí wọ́n tẹ ilé wa rí ni, láti ọjọ́ ìgbéyàwó títí dòní. Àgbà ni wọ́n, mi ò bínú. Wọ́n máa ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ ṣá. Àwọn ni wọ́n tiẹ̀ rán ẹni tó wá to íńtánẹ́ẹ̀tì sílé wa." Ó mí kanlẹ̀. "Màdáámù, ẹ má fi ọ̀ràn yìí falẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ẹ tẹ ọkùnrin yẹn mọ́ ògiri, á jẹ́wọ́."

"Òwe yín dáa, mo máa rántí ẹ̀. Ta ló gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wá?"

"Kẹ́ẹ̀gì? Àwọn èèyàn ni. Ta ló mọ̀?"

Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni Ẹ-jókòó ti bá jórinjórin. Wọ́n ti rán etí rẹ̀ pọ̀, ọlọ́pàá méjì sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, torí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti búra pé bó bá jáde, àwọn á parí ohun tí àwọn bẹ̀rẹ̀.

"Tèmi ni irin yẹn, mi ò ní parọ́," ló wí. "Ẹ̀yìn ògiri màmá ni mo ń kó irin mi tì. Ọmọdé lè na ọwọ́ mú un. Àmọ́ mà, ìyàwó mi bímọ mẹ́rin, màmá ló gba gbogbo wọn. Ṣé èmi ni mo máa wá pa wọ́n?"

"Fóònù ẹ ńkọ́? Kí ló ń ṣe lórí wáífáì wọn?"

"Ohun tó rú mi lójú nìyẹn. Mi ò mọ páàsìwọ́ọ̀dù màmá. Mo ní wáífáì tèmi nílé, 'Ilé Ayọ̀' lorúkọ ẹ̀. Òun nìkan ni mo ń lò."

Ẹ-jókòó gbójú sókè. "Kí lo pe orúkọ ẹ̀?"

"Ilé Ayọ̀, mà. Ẹni tó tò ó ló fún un lórúkọ. Ó ní àdúrà ni."

Kò tíì yé Inspẹ́kítọ̀, àmọ́ ó ti ń rùn sí i nímú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa sìnkú ni Àbíkẹ́yìn wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ní lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ òun ń bọ̀ wá kó òun lọ sílé. "Kò sí ibòmíì tí mo lè lọ mọ́, mà. Màmá nìkan ni mo ní." Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má sọ pé orí mi dàrú o. Mo ṣì máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Màmá. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú. Ó kàn máa ń ṣe mí bíi kí n kí wọn ni."

"Orí ẹ ò dàrú. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ó na fóònù sí i. "Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá kúrò lọ́wọ́ mi, àmì kan ló ń ní. Bó bá dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì wọn, ó di méjì. Àmì kan ni gbogbo ẹ̀ ń ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú. Láàárọ̀ yìí mo jí, gbogbo ẹ̀ ti di méjì." Ó fi ìka tọ́ka sí àmì méjì náà. "Ta ló gbà á, mà?"

Ẹ-jókòó gba fóònù náà, ó wò ó. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò ní síìmù, tí kò mọ ilé mìíràn ju ilé rẹ̀ lọ. "Ṣé ó hàn lórí ẹ̀rọ ilé màmá?"

"Mo wò ó. Kò sí níbẹ̀."

"Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Nígbà tó o kọ́kọ́ dé ilé ọkọ ẹ, ta ló fi páàsìwọ́ọ̀dù ibẹ̀ sórí fóònù ẹ?"

Àbíkẹ́yìn ronú. "Kò sẹ́ni tó fi í sí i. Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀. Mo rò pé ọkọ mi ló ṣe é."

Bó ṣe lọ tán ni Ẹ-jókòó rán Sájẹ́ǹtì lọ gbé ọmọkùnrin tó ń to íńtánẹ́ẹ̀tì kiri ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Wáyà. Ó dé pẹ̀lú àkàbà léjìká.

"Gbé àkàbà sílẹ̀. Jókòó. Ilé mélòó lo ti fún lórúkọ 'Ilé Ayọ̀'?"

Òógùn yọ lójú Wáyà. "Àdúrà ni mo fi ń ṣe fún àwọn oníbàárà mi, mà."

"Páàsìwọ́ọ̀dù wọn ńkọ́?"

Wáyà wo ilẹ̀, ó wo àkàbà rẹ̀. "Ọ̀kan náà ni, mà. Ẹ má bínú. Wọ́n máa ń gbàgbé ni! Wọ́n á pè mí láàárọ̀, wọ́n á tún pè mí lálẹ́. Mo wá sọ gbogbo ẹ̀ di ọ̀kan kí n lè máa bá wọn rántí ẹ̀."

"Ẹ gbà mí o!" ni Sájẹ́ǹtì ké. "Ìwọ yìí, ká ní kọ́kọ́rọ́ lò ń rọ, ẹyọ kan lò bá rọ fún gbogbo ìlú!"

Ẹ-jókòó kò rẹ́rìn-ín. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, bí jórinjórin bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri màmá, fóònù ẹ̀ á rò pé ilé lòun wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lójú fóònù, ilé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn."

"Wọ́n fẹ́ sun èèyàn láàyè nítorí ìmẹ́lẹ́ ẹ. Ó máa wà lọ́rùn ẹ títí." Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. "Ilé mélòó?"

"Mẹ́fà, mà. Márùn-ún wà ládùúgbò màmá. Mo lè ṣí gbogbo ráútà wọn láti orí fóònù mi." Ẹ-jókòó ní kó wá tábúlẹ́ẹ̀tì màmá nínú wọn, Wáyà sì ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ní èkíní, kò sí ní èkejì. Nígbà tó kan ẹ̀kẹfà, ó dúró. "Ó wà níbí. 'Tábúlẹ́ẹ̀tì Agbẹ̀bí'. Ó wọlé láàárọ̀ yìí."

"Ilé ta ni?"

"Ilé Atẹ̀wé, mà. Ọkọ ọmọ wọn."

Ẹ-jókòó ti dìde. Àbíkẹ́yìn ti lọ sin ìyá rẹ̀, wọ́n á sì ti máa sin ín tán báyìí. Ó ní kí Sájẹ́ǹtì mú ìwé àṣẹ, kó lọ tú ilé Atẹ̀wé, kó wá bá òun nílé olóògbé. Òun nìkan ló wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, kò sì rọra wà á.

Ó bá Atẹ̀wé nínú yàrá ìgbàlejò, àpótí ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Wọ́n ti fọ ògiri, àmọ́ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ kò tíì tán lára rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ni Ẹ-jókòó wí.

"A ti ń lọ, màdáámù. Ó ti rẹ ìyàwó mi."

"Mo ní ẹ jókòó."

Ó jókòó sí etí àga, kò fi ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀.

"Jórinjórin ò pa màmá," ni Ẹ-jókòó bẹ̀rẹ̀. "Ilé mẹ́fà ló ń lo kọ́kọ́rọ́ wáífáì kan náà. Gbogbo àjèjì tí Àbíkẹ́yìn rí lórí ẹ̀rọ, aládùúgbò tó ń kọjá ni wọ́n. Ẹni tó pa màmá mọ ọjọ́ tí ọmọ wọn ń lọ fún àyẹ̀wò oyún. Ó fi fóònù ẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì níbi iṣẹ́, kí fóònù lè bá a jẹ́rìí. Ó mú irin lẹ́yìn ògiri kí ọ̀ràn lè ṣẹ́ sí onírin lórí. Nígbà tó wá rí orúkọ fóònù jórinjórin lórí fóònù ìyàwó ẹ̀, inú ẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, torí ẹni tó bá jóná ò lè rojọ́."

"Ta lẹ̀ ń bá wí?" ni Atẹ̀wé béèrè. Omijé kankan kò sí lójú rẹ̀ báyìí.

"Ó gbé báàgì màmá lọ. Ó mọ̀ pé tábúlẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ ò ní síìmù, ó sì rò pé ohun tí ò ní síìmù ò lè sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí ó tàn án, ó ń wá bó ṣe máa ṣí i. Àmọ́ 'Ilé Ayọ̀' ni ilé màmá ń jẹ́, 'Ilé Ayọ̀' nilé tiẹ̀ náà ń jẹ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì rò pé òun ti délé. Ó gba gbogbo ìkíni tí ọmọ ti ń kí ìyá ẹ̀." Ẹ-jókòó tẹ̀ síwájú, ó sì bọ́ ọ̀wọ̀ sílẹ̀. "O ní màmá ò tẹ ilé ẹ rí. Báwo ni tábúlẹ́ẹ̀tì wọn ṣe débẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kú?"

Sájẹ́ǹtì ti ilẹ̀kùn wọlé, ó ń mí gúlegúle, báàgì dúdú kan wà láyà rẹ̀. "Ọ̀gá, inú yàrá tó ń kó bébà sí ni. Abẹ́ ìwé ètò ìsìnkú tó tẹ̀ fún màmá ló fi í pamọ́ sí. Àwòrán wọn ló fi bò ó mọ́lẹ̀!"

"Àwòrán apá mi," ni Àbíkẹ́yìn wí, bí ẹni tó ń jí lójú oorun. "Màmá ya àwòrán gbogbo ojú ọgbẹ́ mi sínú ẹ̀. Wọ́n ní àwọn á gbé e lọ sílé ẹjọ́." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Mo sọ fún ẹ. Èmi ni mo sọ fún ẹ, nígbà tó o wá bẹ̀ mí, tó o kúnlẹ̀."

Atẹ̀wé fò dìde. Ó fa ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé bébà yọ lápò, ó gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra láti ẹ̀yìn, ó gbé ojú ọ̀bẹ lé e lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ ṣẹ́ yọ.

"Ìyàwó mi ni! Ta ni í gba ìyàwó lọ́wọ́ ọkọ? Mo bẹ ìyá yẹn, mo bẹ̀ ẹ́! Ó ní màá fẹ̀wọ̀n jura! Bí ẹ bá sún mọ́ mi, màá pa á, màá pa ọmọ inú ẹ̀!"

Ìbọn wà lọ́wọ́ Ẹ-jókòó, àmọ́ kò rí ibi yìn ín sí. Ó wo Àbíkẹ́yìn lójú. Àbíkẹ́yìn náà wò ó. Ó gbé apá òsì rẹ̀ sókè, apá tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ́, ó sì fi gbogbo sìmẹ́ǹtì náà ju ìgbọ̀nwọ́ sẹ́yìn, gbàà, sí ojú ọkọ rẹ̀. Imú ọkùnrin náà fọ́. Ó ké, ọ̀bẹ yẹ̀. Àbíkẹ́yìn tún yí padà, ó fi apá kan náà lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń ké pé, "Àtẹ̀gùn! Àtẹ̀gùn! Àtẹ̀gùn nìyí!" Ẹ-jókòó ta á nípàá sí orúnkún, Sájẹ́ǹtì bọ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ojú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí màmá kú sí.

"Òwe tó o pa fún mi níjọ́sí," ni Ẹ-jókòó wí lókè orí rẹ̀, "kò tiẹ̀ lò tó ogún ọdún."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó fi táyà kọ́ jórinjórin lọ́rùn ti wà níwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin náà fi ojú kan tó ṣí wò wọ́n títí. Ó ní, "Ta ló ń wá ìṣáná nínú yín?" Wọ́n tún dojú bolẹ̀. Ó yíjú sí ògiri, kò sì tún bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ-jókòó ṣì wà nílé olóògbé. Nọ́ọ̀sì kan ti di ọrùn Àbíkẹ́yìn, ó ní ọmọ inú rẹ̀ ń ta pọ́n-ún, kò ṣe é ní nǹkan kan. Báàgì màmá wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ó ń dúró kí Sájẹ́ǹtì wá gbé e lọ sí àgọ́.

"Mà," ni Àbíkẹ́yìn wí, "ṣé ẹ lè fún mi láyè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ?"

Inspẹ́kítọ̀ fà sẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn jókòó sínú àga ìyá rẹ̀, ó mú fóònù, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: *Màmá, mi ò padà síbẹ̀ mọ́.*

Àmì kan yọ. Ó ń wò ó. Ó di méjì, nǹkan sì dún nínú báàgì.